Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Ni Yóò Sọ̀rọ̀

Nínú ẹgbẹ́ àwa tí a ń gun maṣíìnì láti Ìjerò títí dé Ẹ̀fọ̀n, a kì í gba ẹnu ẹni tó ni maṣíìnì gbọ́. Ó lè dìde lóòótọ́, kó bọ́ akoto rẹ̀, kó gbé ọwọ́ lé ìjókòó maṣíìnì bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ, kó sọ orúkọ ara rẹ̀, ìlú rẹ̀, agboolé bàbá rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó lè sọ ti maṣíìnì náà pẹ̀lú: ibi tó ti rà á, ẹni tó ti gùn ún rí, àti àìsàn tó ń ṣe é, nítorí kò sí maṣíìnì tí kò ní àìsàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ máa sọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n gùn tó, alága á ní kó dákẹ́. Ẹni tó máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò dìde sọ ìyẹn. Bí ìyẹn náà bá ti sọ tirẹ̀ tán, alága á bi í pé, "Ṣé ẹ óò tún gùn ún?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ti gba ẹni tuntun wọlé nìyẹn.

Òkè Ẹ̀fọ̀n ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n yìí. Bí ọ̀kan nínú wa bá ń ṣe ìnáwó lọ́hùn-ún, gbogbo wa la máa tò tẹ̀lé ara wa gun òkè náà, tàwọn ìyàwó, tàwọn ọkọ, tàwọn ìyá arúgbó lẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn á kó bá àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, ilé ló máa wà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò wọ́n ní pápá kan ní Àrámọ̀kọ, ìlú wa, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Àgbẹ̀ kan láti Ìpótì dìde, ó sì kọ́kọ́ fi maṣíìnì rẹ̀ hàn wá kó tó rántí ara rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun àgbà nìyí, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ òun, kò sì já òun kulẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ gangan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń gbọ́. Nígbà tó kan obìnrin náà láti jẹ́rìí, ó ní, "Ọkọ mi ń gbìyànjú o. Bó bá rí kòtò lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, á pariwo 'Jésù!' Á sì wọ inú kòtò náà lọ." Alága bi í bóyá yóò tún gùn ún. Ó ní, "Ṣé mo ní òmíràn ni?" Bí wọ́n ṣe gba bàbá Ìpótì wọlé nìyẹn.

Ọ̀kan láti Ẹ̀fọ̀n tẹ̀ lé e. Ó ní ti òun kì í ṣàìsàn rárá, pé ewúrẹ́ ni lórí òkè. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìpàdé parí, ewúrẹ́ ò dún mọ́. A tì í yí pápá ká, àgbà àti ọ̀dọ́, a ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́rìí fún un kò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn, òun rò pé a mọ̀.

Èmi tí mò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín yìí, tíṣà ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Àwọn ọmọ mi ní kí n ra fíríìjì tuntun, mo ra maṣíìnì. Wọ́n pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n jọ kọminú, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n wọn wá yẹ̀ mí wò. Ohun tó jẹ́ kí n rà á ni pé oko kòkó wa wà lójú ọ̀nà Ìlọ́rọ̀, àwọn ọlọ́kadà kì í sì í fẹ́ wọ ọ̀nà oko yẹn. Etí títì ni wọ́n á já èèyàn sí, ìyókù di ẹsẹ̀ ẹni. Èmi lè rìn ín. Ọkọ mi ni kò lè rìn ín mọ́.

Ọkọ mi ló gbin kòkó náà. Ó ṣiṣẹ́ ọba ní Adó títí ó fi di ọ̀gá pátápátá, àwọn èèyàn máa ń dìde fún un bó bá wọlé. Báyìí, àgbà ìjọ ni. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́, kò lè gun maṣíìnì fúnra rẹ̀ mọ́, ó sì ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti kan oko náà. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn igi kòkó lọ́wọ́ mi bí ẹni béèrè ọmọ tó wà ní ilé ìwé tó jìnnà. "Èyí tó wà létí odò ńkọ́? Èyí tó tẹ̀ yẹn ńkọ́, ó ti so?" Mo máa ń dá a lóhùn, àánú rẹ̀ sì máa ń ṣe mí.

Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ."

Ó ní orúnkún òun kò ṣeé ká lórí maṣíìnì. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí i lẹ́yìn ọlọ́kadà, ó ń lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, orúnkún ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo mọ̀ nígbà náà pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún, kò lè jókòó lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ kí ayé máa wò ó.

Nígbà tó kàn mí láti fi ara mi hàn fún ẹgbẹ́, mo dìde. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́: mo ṣàlàyé maṣíìnì mi látorí iná iwájú títí dé táyà ẹ̀yìn, títí tí ẹnì kan fi béèrè bóyá ìdánwò máa tẹ̀ lé e. Mo sọ àìsàn rẹ̀, pé bó bá dúró níkòríta pẹ́, á kú, àfi kéèyàn máa fún un níná. Alága, wẹ́dà kan láti Ìjerò tí ẹ̀rín kì í kúrò lójú rẹ̀, ní kí ẹlẹ́rìí mi jáde. Mo nawọ́ sí àpò iṣu tí mo so mọ́ ẹ̀yìn maṣíìnì. Mo ní láti oko ni mo ti gbé e bọ̀, ẹyọ kan kò ṣẹ́ nínú rẹ̀.

"Ìyá Tíṣà," alága wí, "uṣu yín dára o, àmọ́ kò lẹ́nu."

Ní ìpàdé kejì, mo bẹ ìyá kan ní àdúgbò wa, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó bá mi lọ. Ó gbà. Láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé pápá, orin ìsìnkú ló ń kọ létí mi. Nígbà tí wọ́n ní kó jẹ́rìí, ó ní, "Ọmọ Ọlọ́run kì í purọ́. Mo dijú. Mi ò rí nǹkan kan. Àmọ́ mo gbọ́ pé a ń lọ." Pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wó fún ẹ̀rín. Alága nu ojú rẹ̀, ó ní kí n lọ mú ẹni tó lajú wá. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ kúkú ní ẹnì kan nílé, Ìyá Tíṣà." Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọkọ mi ló ní lọ́kàn.

Mo délé, ọkọ mi bi mí pé, "Ṣé wọ́n gbà ọ́?" Mo ní rárá. Ó ń jẹun lọ. Inú bí mi, mi ò ní í bò ó. Nígbà tí a wà léwe, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé, maṣíìnì tirẹ̀ ló fi ń wá mú mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń jókòó sí nínú eruku, nínú òjò, gèlè mi á ṣí, mà á fi ọwọ́ kan di gèlè, mà á fi èkejì di òun mú. Kò sí ọjọ́ tí mo ronú ohun tí ayé máa wí. Ohun tí mo fẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́ ní tèmi. Mo fẹ́ kí ọkọ mi jókòó lẹ́yìn mi.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láìdá. Mo dé láti oko lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un pé kòkó etí odò ti ń dúdú lórí igi.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé láti ìdí ni ó ti ń dúdú ni, àbí láti ẹnu?"

"Mi ò wò ó bẹ́ẹ̀."

"O ò wò ó! Tíṣà!"

"Ẹ̀yin ẹ wá wò ó."

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ oko, akoto mi ti wà lórí rẹ̀, ó fa dígí rẹ̀ bo ojú. Ó ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé la máa gbà. Ó ní n kò gbọdọ̀ fọn fèrè. Mo ní ó ti yé mi. Mo di ẹnu mi mọ́ kí ẹ̀rín má bọ́ jáde, mo ṣáná, a gba ẹ̀yìn ilé onílé lọ jẹ́jẹ́. A ò tíì kọjá àwọn aládùúgbò tán tí ìyá kan tó ń gbálẹ̀ fi nàró pé, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá! Háà, ẹ̀yin àti ìyá mà rèé!"

Ọkọ mi fèsì láti inú akoto pé, "Kì í ṣe èmi."

A dé oko. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó ń ti ìdí igi kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ó dé ìdí èyí tó tẹ̀, ó dúró sábẹ́ rẹ̀, ó gbé ojú sókè, kò sì kúrò níbẹ̀. Mo wò ó, omi bọ́ lójú mi, mo yíjú sí odò. Lẹ́yìn náà ló pè mí, ó fi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n hàn mí, ó gba àdá lọ́wọ́ mi, ó ń gé èyí tó ti bàjẹ́, ó ń bú mi bó ti ń gé e. Inú mi dùn sí èébú náà.

N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹ́rìí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ tó. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé tún pé, èmi nìkan lọ. Alága béèrè ẹlẹ́rìí mi, mo ní kò sí, kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú lóṣù tó ń bọ̀. Ó mi orí. Ó fẹ́ pe ẹlòmíràn ni bàbá Ìpótì nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́hùn-ún, ó ní, "Ta ni ìyẹn?"

Ọkọ mi ni. Ó dé fìlà tó máa ń dé lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí a wà sí ilé wa kì í ṣe ìrìn kékeré fún orúnkún yẹn. Ọlọ́kadà kan dúró tì í, ọkọ mi fi ọwọ́ lé e lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ dìde. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Ó dé ìdí maṣíìnì mi, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Èmi lọkọ rẹ̀. Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀." Ó mí sínú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa bá a rìn, kí ẹ mọ̀ pé kò yá rárá. Ó máa ń bá adìẹ sọ̀rọ̀. Bí ewúrẹ́ bá wà lójú ọ̀nà, á dúró, á ní kó lọ bá ìyá ẹ̀ nílé, á sì dúró títí á fi lọ. Nínú oko, níbi tí kò séèyàn níwájú, tí kò séèyàn lẹ́yìn, bó bá fẹ́ yà, á nawọ́. Mo bi í pé ta ló ń nawọ́ sí, ó ní òfin ni."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀.

"A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò. Ó ní kí n di òun mú. Irin ẹ̀yìn maṣíìnì ni mo dì mú. Ó pa maṣíìnì. Ó ní òun ò ní í sọ̀ kalẹ̀ odò àfi bí mo bá di òun mú. A wà níbẹ̀, èmi àti òun." Ó wo ilẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Mo dì í mú. A sọ̀ kalẹ̀ láìmì. Mo dé ìdí kòkó mi, mo fojú mi rí i."

Alága pàápàá gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kó tó rántí pé ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ óò tún gùn ún?"

"Ẹ wo ẹsẹ̀ mi," ọkọ mi wí. "Láti ulé ni mo ti fi rìn wá. Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ fi rìn padà ni?"

Ariwo sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fọn fèrè, ewúrẹ́ Ẹ̀fọ̀n pàápàá dún lọ́jọ́ yẹn. Alága ní wọ́n ti gbà mí wọlé, kí n jókòó kí ìpàdé lè máa lọ. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún kọjá orí ìjókòó, ó ti jókòó, ó ń dúró dè mí.

Mo ní kí wọ́n má bínú, mi ò lè jókòó, mo ti ní èrò.