Háàfù Kọ́ráǹtì

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní Ìkòròdú, iná kì í sábà dé ilé wa tán. Gílóòbù á kàn pọ́n lókè bí ojú ẹni tó sunkún. Háàfù kọ́ráǹtì là ń pè é. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá mi, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò. Lọ́dún kan, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí àwa ọmọ ń pè ní bọ̀ọ̀dá, ti Amẹ́ríkà dé, ó gbé máṣíìnì oníná wá fún un, onírin dúdú tó ń dán. Inú ìyá mi dùn débi pé ó sunkún. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò bá ihò ara ògiri wa mu, ni bọ̀ọ̀dá bá ra adápútọ̀ ní ìsọ̀ kan ní Benson. Ó wọlé ṣé! Èmi ni mo ka ohun tó wà lẹ́yìn máṣíìnì náà sókè: 110.

Ìyá mi ní, "Ṣé iná tiwa tó jẹ́ 220 ò ní pọ̀ jù fún un?"

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, iná wo? Ìdajì ni máṣíìnì yìí ń fẹ́, ìdajì náà ni wọ́n ń fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, gbogbo wa sì gbà á gbọ́. Adápútọ̀ ń tún ẹnu púlọ́ọ̀gì ṣe ni, kì í dín iná kù, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà náà? Ọjọ́ mẹ́ta ni máṣíìnì fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo wà nílẹ̀, mò ń ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Lójijì iná dé tán, gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò, àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè níta. Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í han, èéfín yọ. Ìyá mi di orí rẹ̀ mú kó lè fa aṣọ oníbàárà jáde, iná sì gbé e. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin náà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Mo fò dìde kí n dì mọ́ ọn.

"Má fọwọ́ kàn án!" Bọ̀ọ̀dá ló pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Pa súwíìṣì ara ògiri!"

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni. Títí dòní, n kò tíì rin ìrìn tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Mo pa á, ìyá mi ṣubú sẹ́yìn. Nígbà tó mí, tó pe orúkọ mi, bọ̀ọ̀dá bú sẹ́kún.

Ìyá mi yè é, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́ títí tó fi kú. Abẹ́rẹ́ á gún un, ẹ̀jẹ̀ á máa kán sórí aṣọ, àwa la ó sọ fún un.

Ayé ti yí padà. Ẹ wo ara ṣájà fóònù yín, 100 sí 240 lẹ ó rí, kò síbi tí kò ti ń ṣiṣẹ́. Bóyá òun ló fọkàn yín balẹ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin ti òkè òkun dé sọ́dọ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́, ó ki ẹ̀rọ tó fi ń mú irun gbẹ bọ adápútọ̀. Mo yí i wò: 120. Mo ní kó dúró.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màámà, iná Ẹ̀pẹ́ yìí náà? Ṣebí ìdajì ni wọ́n ń fún yín."

Mo wo àtàǹpàkò rẹ̀, mo sì fa púlọ́ọ̀gì náà yọ.