Àwòrán Tí Àánú Gbé Jáde Nínú Omi

Àánúolúwapọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán lábẹ́ omi kí ìyá rẹ̀ lè rí i pé kì í ṣe òkùnkùn nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn. Àwọn tó ń sọ pé ó fẹ́ ṣe bí òyìnbó kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bàbá rẹ̀, Julius, máa ń wa yanrìn nínú ọ̀sà. Iṣẹ́ náà kò gba ẹ̀rọ kankan. Ọkùnrin á di àkàbà igi mú, á mòòkùn lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú garawa àti èémí tó wà láyà rẹ̀ nìkan, á bu yanrìn, ẹnìkejì á sì fi okùn fa garawa náà gòkè. Lọ́jọ́ kan, garawa gòkè, Julius kò gòkè. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ fi àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́ sílé. Àwọn ilé tí wọ́n fi yanrìn náà kọ́ ṣì dúró. Àwọn ènìyàn ń gbé inú wọn, wọ́n ń kùn pé kò sí iná.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àánú wà nígbà náà. Ìyá rẹ̀, Christianah, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Àánú, ń rán aṣọ ilé ìwé nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí. Ibẹ̀ náà ló ti ń rán an di òní. Láti ìgbà yẹn, bí ọkọ̀ bá gbé e dé orí afárá, ojú rẹ̀ á wà ní dídì títí ọkọ̀ á fi sọ̀kalẹ̀. "Ibi tí bàbá rẹ wà, òkùnkùn biribiri ni," ló máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀. Kì í sunkún bó bá ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ilé.

Lẹ́yìn tí èmi àti Àánú jọ sin ìlú tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, a jọ gba ilé ní Yábà. Ó rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé ẹrù kiri. Tirẹ̀ ni kó máa bẹ àwọn oníbàárà lórí fóònù nígbà tí ẹrù wọn kò bá dé. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ní gbogbo Sátidé, ó ń lọ sí odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Sùúrùlérè, níbi tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeffrey ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú sílíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Jeffrey ti fìgbà kan rí ṣe wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Àwàdà kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi iṣẹ́ ṣeré.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni mo máa gbé kámẹ́rà wọ omi?"

"Ọjọ́ tí o bá lè dúró jẹ́ẹ́ láàárín omi, láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, láìyọrí sókè. Ní báyìí, o ń jà bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ pa."

"Adìẹ ọdún Kérésì ni mí."

"Adìẹ Kérésì kì í ya fọ́tò. Inú fọ́tò ló máa ń wà, nínú abọ́."

Ó kọ́ ọ pé omi ń jẹ àwọ̀, àti pé pupa ló kọ́kọ́ ń jẹ. Ó kọ́ ọ pé kí ó sún mọ́ ohun tó bá fẹ́ yà, nítorí omi tó wà láàárín ló ń ba àwòrán jẹ́. Ó ní kó má lé ẹja, kó dúró kí ẹja wá bá a. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tẹnu mọ́ jù ni òrùka róbà tó wà létí kéèsì, ìyẹn ike líle tí wọ́n ń ti kámẹ́rà mọ́ kí omi má bàa kàn án.

"Òrùka yìí ló gbé ẹ̀mí kámẹ́rà rẹ dání. Irun kan tó bá há sí i, ó tán. Láàárọ̀ ọjọ́ tí o fẹ́ wọ omi, ṣí i, wò ó. Kódà bí o bá ti wò ó lánàá."

Ó sọ ọ́ títí Àánú fi mọ ohùn rẹ̀ sín jẹ. Á gbé ìgbálẹ̀ dání ní kíṣìnì wa, á ní, "Kódà bí o bá ti wò ó lánàá," èmi á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ àti kéèsì rẹ̀, a fi tíṣù sínú kéèsì náà, a sì rì í sínú báfù omi. Tíṣù náà jáde ní gbígbẹ. Mi ò tíì rí inú Àánú dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó mú tíṣù náà fi nu ojú mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn ló lọ bá ìyá rẹ̀ ṣe àdéhùn. Mo wà níbẹ̀.

"Màmá, bí mo bá ya ìsàlẹ̀ omi, tó mọ́lẹ̀, tí ẹ fojú yín rí i, ẹ ò ní dí mi lọ́wọ́ mọ́. Bó bá jẹ́ òkùnkùn ni mo gbé wá, mo jáwọ́. Mi ò ní wọ omi mọ́ láé."

Màmá fi eyín gé òwú. "O sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Ọlọ́run ń gbọ́ o."

Àdéhùn náà kò mọ́gbọ́n dání. Nínú ọ̀sà tí Julius kú sí, òkùnkùn ló wà lóòótọ́: ẹrẹ̀, ìdọ̀tí, ènìyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ojú òkun lọ́hùn-ún, níbi tí omi ọ̀sà kò dé, ni Jeffrey fẹ́ kó àwọn tó ń kọ́ lọ. Àánú mọ̀ pé omi méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó rò pé ìyá òun kò ní bèèrè.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi òkun sì mọ́. Àánú sùn sí Ìpọ̀nrí nítorí ibẹ̀ ni Jeffrey ti máa gbé e ní kùtùkùtù. Ó ti wo òrùka róbà náà nírọ̀lẹ́, ó ti ti kéèsì pa. Nígbà tó wà ní balùwẹ̀ lówùúrọ̀, Màmá ṣí i.

Mo mọ èyí nítorí Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà níwájú gbogbo ìjọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò sí ohun tuntun tí kì í gba òróró àdúrà. Wọ́n fi sí máṣíìnì ìránṣọ, jẹnẹrétọ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kámẹ́rà tó ń lọ sí ibi tó gba ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ kò lè lọ lásán. Ó sì ronú pé bí òun bá fi òróró sí ẹ̀yìn ike, omi òkun á fọ̀ ọ́ dànù. Nítorí náà ló ṣe fi sí inú. Ó fi àtàǹpàkò ṣe àmì àgbélébùú sí inú gíláàsì iwájú, ó fi òróró pa òrùka róbà náà yíká, ó fi ìrépé aṣọ nu èyí tó ṣẹ́kù, ó sì tì í bó ṣe rí i tí ọmọ rẹ̀ ń tì í.

Àánú jáde, ó wọṣọ, ó gbé kámẹ́rà. Kò ṣí i.

Ọkọ̀ ńlá kan tó ti rì tipẹ́ ni wọ́n mòòkùn lọ bá. Àánú dúró láàárín omi láìmira. Jeffrey fi ìka ṣe àmì sí i pé ó dára. Oòrùn ń wọ inú omi wá ní ọ̀wọ̀n-ọ̀wọ̀n. Ẹja kéékèèké onílà ofeefee wọ́ jáde láti ojú fèrèsé ọkọ̀ náà, ẹja pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bí àtẹ sì gbéra nílẹ̀ yanrìn, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kò lé e. Ó ń yà á. Ohun tó ń rí lójú kámẹ́rà ṣú díẹ̀, ó rò pé ooru ló bo awò ojú òun. Lẹ́yìn náà ló rí omi tó ń yọ́ wọlé nínú kéèsì, tó ń gun òkè bọ̀. Kámẹ́rà náà kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá, Jeffrey ṣí i. Ó fi èékánná yọ fọ́nrán òwú aláwọ̀ búlúù kan lára òrùka róbà, ó gbé e sí imú.

"Òróró nìyí. O wò ó láàárọ̀?"

Àánú bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn sílíńdà ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo ní, ṣé o wò ó láàárọ̀?"

"Mo wò ó lánàá."

Jeffrey gbé kéèsì náà sílẹ̀. Ó yíjú sí ẹ́ńjìnì.

Káàdì inú kámẹ́rà kò bàjẹ́. A nu ún gbẹ, a fi í sínú kọ̀ǹpútà mi ní Ìpọ̀nrí. Gbogbo àwòrán náà ló ṣú, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ìta láti inú fèrèsé tí epo bò. Màmá gbé awò rẹ̀ wọ̀.

"Kí lèyí?"

"Ẹja ni, Màmá. Ó fẹ̀ tó tábìlì yín."

"Mi ò rí ẹja. Èyí ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ni. Oòrùn wà lára rẹ̀."

"Òkùnkùn ni."

"Òróró tí ẹ fi sí i ló bo ojú rẹ̀."

"Òróró kì í ṣú." Ó bọ́ awò rẹ̀. "Kámẹ́rà ló kú, Àánú. Ìwọ ni ìbá kú. Òróró yẹn ló gbà ọ́." Ó wá fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Mo ti sọ ibi tí bàbá rẹ wà fún ẹ tipẹ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá jẹ́rìí. Àánú dúró tì í, ó gbé kámẹ́rà tó kú sókè kí ìjọ lè rí i, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dá bàtà róbà onísẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ padà fún Jeffrey.

"Èmi náà ti ba kámẹ́rà jẹ́ rí," Jeffrey sọ. "A á wá òmíràn."

"Mo ti fi ẹnu sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Fún ta ni?"

"Màmá mi."

Mo sọ fún un pé àdéhùn tí òróró bàjẹ́ kì í ṣe àdéhùn. Ó ní òun fúnra òun ni kò ṣí i láàárọ̀. Òótọ́ ni, mi ò sì bá a jiyàn.

Màmá mú ọ̀kan nínú àwòrán náà lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó fi férémù sí i, ó sì gbé e kọ́ ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Julius. Àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ ni, kò sí ohun kan nínú rẹ̀. Bí àwọn tó wá gba aṣọ bá bèèrè, ó ń dá wọn lóhùn láìdá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì:

"Ibi tí ọkọ mi wà nìyẹn. Ọmọ mi ló yà á."

Ìsàlẹ̀ àwòrán náà gan-an ni Àánú ń jókòó sí bó bá wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Kì í wòkè.