Òkúta Pupa Inú Òkìtì

Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, iwájú ilé wa ní Ìbà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Típà ti da gíráńáìtì síbẹ̀, mo sì ń ṣà á nínú oòrùn ọ̀sán. Àwọn kan funfun, wọ́n ní tóótòòtó dúdú bí ìyẹ́ ẹtù. Àwọn kan pupa, wóró wọn tóbi, wọ́n dà bí ẹran tútù.

Mo rí pupa kan tí ojú rẹ̀ ń dán, tó sì jin kòtò bí ọlọ. Mo gbé e fún bàbá mi. Bíríkìlà ni wọ́n, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀.

"Funfun yẹn, mi ò mọ ibi tó ti wá. Pupa yìí, òkúta abúlé wa ni. Ojú ibí yìí ni ìyá mi ti máa ń lọ ata."

Wọ́n gbé e sí mi nímú. Òórùn ata ló ń jáde lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dáná nílé.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ àpáta abúlé tí wọ́n ti fọ́ òkúta yẹn ni wọ́n sin ìyá bàbá mi sí.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo rí òkúta pupa náà, wọ́n ti fi ìdajì òkìtì yẹn po kọnkéré ilẹ̀ yàrá wa. Lọ́sàn-án yẹn, bàbá mi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ síwájú yàrá náà tó ṣófo.

"Ẹ káàsán, Màámi."