Ìka Ẹsẹ̀ Tó Ń Ṣírò

Ọkùnrin kan wà ní Ìrókò tí gbogbo ìlú ń fi "wọn" pè, torí pé ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó ní kékeré, òun ló sì sọ mí ní Oníka-Ẹsẹ̀.

Tí olùkọ́ bá béèrè ìṣirò àforíṣe nígbà náà, òun ti há táìmù-tébù sórí bí orin ìjọ. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin a máa to òkúta wẹ́wẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń pẹ́, àmọ́ kì í ṣì í. Ní tèmi, ogún-ogún ni mo ń kà, màá wá fi ìka ẹsẹ̀ ṣọ́ iye tí mo máa yọ kúrò. Ọmọkùnrin yìí rí ìka mi lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó pariwo. Olùkọ́ ní kí n bọ́ bàtà, kí n dìde. Títí dé ibi ìsìnkú ọkọ mi ló fi ń pè mí lórúkọ yẹn.

Láìpẹ́ yìí, àwa mẹ́ta jókòó sábẹ́ máńgòrò rẹ̀, à ń jẹ ẹ̀pà yíyan.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìlà mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ fún mi lóko, ebè méje ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Èbù iṣu mélòó ni kí n wá?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Oníka-Ẹsẹ̀, bọ́ bàtà o!"

"Bí mo bá ṣáájú rẹ, orúkọ yẹn kú lónìí."

"Mo gbà."

Ó dijú. "Náìn sẹ́fún, síksítì-tírì..." Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Èmi ti pé ogún méje ní ogóje, mo yọ méje.

"Mẹ́tàléláàádóje!"

Ọ̀rẹ́ mi ò gbà wá gbọ́. Ó ń to ẹ̀pà sórí àtẹ. Ọkùnrin náà bu díẹ̀ sẹ́nu.

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ ìṣirò mi!"

Ọ̀rẹ́ mi tún un kà, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ọkùnrin náà ṣì ń ṣírò sínú. Ìgbà náà ni mo wolẹ̀. Nínú sálúbàtà rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀rẹ́ mi, wo ẹsẹ̀ rẹ̀!"

"Ó ń yún mi ni," ló wí.

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Oníka-Ẹsẹ̀ àgbà!"

Orin ni mo kọ délé. Wọ́n ní àgbà a máa dárí jini. Màá dárí jì í, àmọ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ tuntun ná.