Ọjọ́ Tí Mo Funfun Ju Òyìnbó Lọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyẹn kí n tó di bàbá àgbà tí ẹ ń wò yìí, Tucker, nílùú òyìnbó níbí, là ń gbé. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ Sunday school. Mo ti jáde high school. Lóòótọ́ mi ò tíì níṣẹ́, mo ti fail driving test, irùngbọ̀n mi sì ṣeé kà, ṣùgbọ́n àgbà ni mí. Ẹ jókòó.

Ní middle school, mo ní ọ̀rẹ́ òyìnbó kan. Bọ́ọ̀sì kan náà là ń wọ̀, ìwà wèrè kan náà la sì ń hù. Lọ́jọ́ kan, a rí agolo pupa tí wọ́n fi ń paná lára ògiri. Ọ̀rẹ́ mi fa pin ẹ̀ yọ, èmi tẹ̀ ẹ́. Agolo yẹn lágbára jù mí lọ. Dípò kí n máa darí ẹ̀, òun ló ń gbé mi kiri corridor bí ẹni tí ẹṣin gbé sá lọ. Nígbà tó fi máa tán, ìyẹ̀fun ti bò mí láti orí dé bàtà. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo funfun ju òyìnbó lọ láyé mi. Síbẹ̀, ọlọ́pàá school wa dá mi mọ̀. Ojú ẹ̀ ríran gan-an.

Ó kó àwa méjèèjì lọ sí office, ó pe àwọn ìyá wa. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ń pariwo pé ọmọdé lọmọ òun, eré lọmọdé ń ṣe, ta ló ní kí wọ́n fi ọmọ òun jókòó ti ọlọ́pàá? Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé. Ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ juwọ́ sí mi.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi dé láti hospital ní Decatur, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, shift ẹ̀ ò tíì parí. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá wa. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọlọ́pàá. Ó yíjú sí mi: "O dójú tì mí! Ẹran!" Ó tún kọjú sí i: "Take him, sir. Keep him. Let him learn sense."

Mo mọ eré yẹn dáadáa. Láàárín tiwa, tí ìyá bá ní kí wọ́n mú ọmọ òun lọ, ẹlòmíì ló máa sọ pé, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, ọmọdé ni." Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á wá gbà tipátipá, á mú ọmọ ẹ̀ lọ fọ́ létí nílé. Ìyá mi ti sọ apá tiẹ̀, ó dúró. Èmi náà dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. À ń retí ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀.

Ọlọ́pàá yẹn ní, "Yes, ma'am." Ó mú handcuff jáde.

Ìyá mi lọgun: "No, sir! I'm just talking!" Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nínú ọkọ̀, ọkùnrin yẹn wò mí nínú mirror, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá mi pàápàá ò fẹ́ mi. Mo sunkún débi pé ìyẹ̀fun ojú mi di ẹ̀kọ.

Níbi tí wọ́n ti èmi àtàwọn ọmọ míì mọ́, mo ń wá ẹni tó jọ ọ̀rẹ́ mi, mi ò rí. Àwa dúdú ló kún ibẹ̀. Àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣe wèrè ńkọ́? Wọ́n wà nílé ìyá wọn.

Ní kọ́ọ̀tù, ọlọ́pàá yẹn sọ fún adájọ́ pé mi ò kábàámọ̀, torí mi ò wo ojú òun, àti pé ìyá mi ò fẹ́ kí n wálé. Ìyá mi fò dìde: "Ta ni ò fẹ́? Èmi tí mo rọbí ẹ̀!" Yorùbá ló fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n jẹ́ kí n máa lọ, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù ń ṣọ́ mi títí mo fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣeré.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá ẹ̀san. Mo kọ́kọ́ lọ kọ́ karate. Ọmọdébìnrin kan gbé mi ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bá wá ọ̀nà míì.

Ní báyìí, yàrá kan wà ní county wa tí ọmọ tó ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń wá dípò kọ́ọ̀tù. Àwa ọ̀dọ́ la ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, a ń fún wọn níṣẹ́ ṣe, wọ́n á lọ sílé. Mo fara mi sílẹ̀. Pastor ní àánú ló ń ṣe mí. Àánú kọ́, Pastor, ẹ má bínú. Ẹnì kan ni mò ń dúró dè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá yẹn wọlé. Ikùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Kò dá mi mọ̀. Ó mú ọmọ dúdú kan tó fi ọ̀dà ba ògiri school jẹ́ wá. Ìyá ọmọ náà, Yorùbá bíi tiwa, ti ń kúnlẹ̀: "Please sir, just take him..."

"Mummy!" Mo fò dìde, àga mi ṣubú, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má parí ẹ̀! Kò sẹ́ni tó máa bá yín bẹ̀bẹ̀ níbí. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ọmọ yín."

"Mo fẹ́ ọmọ mi."

"Lóyìnbó, mà."

"I want my son!"

Mo wá kọjú sí ọlọ́pàá. Mo bi í pé ọmọ mélòó ló kun ògiri. Ó ní méjì. Mo ní, "Èkejì dà?" Ó họ orí. Ó ní ìyá ẹ̀ ti mú un lọ. Mo ní, "Ẹ pè é wá, sir. A máa dúró." Àwọn tá a jọ jókòó fọwọ́ sí i. Ó pè é lójú gbogbo wa. Ariwo ìyá yẹn ń jáde nínú fóònù, òógùn ń bọ́ lójú ọkùnrin yẹn, mo ń gbádùn ẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ súyà. Ọmọ kejì dé, òyìnbó ni. A fún àwọn méjèèjì ní búrọ́ọ̀ṣì kan náà, ògiri kan náà.

Níta, ọlọ́pàá yẹn tẹ̀ lé mi. Ó ní ṣé òun mọ̀ mí? Ọkọ̀ kan ń tẹ họ́ọ̀nù níbẹ̀ bíi pé iná ń jó. Láti ọjọ́ handcuff yẹn, kò síbi tí mo lọ tí ìyá mi ò tètè wá gbé mi, kódà tí mi ò bá tíì ṣetán.

Mo ní, "Èmi lẹni tí ìyá ẹ̀ ò fẹ́. Òun ló ń tẹ họ́ọ̀nù yẹn."

Ayé ti yí díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tèmi, ọ̀kan ń lọ sílé, ọ̀kan ń lọ sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ní báyìí, èmi ń béèrè. Pastor ní kí n dárí ji ọlọ́pàá yẹn. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń mú ọmọ kan bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀kan ṣoṣo, mo sì ti mọ ohun tí màá kọ́kọ́ bi í.