Ilẹ̀kùn Kọ̀ǹpútà Alájì

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn fáníìṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, kọ̀ǹpútà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá gbọ́ á ní kí ló kan káfíńtà Iléṣà nínú kọ̀ǹpútà. Àárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa débi pé èèyàn ń bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá tó bá wà. Alájì kan tó ní ilé ìtẹ̀wé nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo ra ọ̀kan láti Èkó. Nínú mọ́tò, ilẹ̀kùn oníke kékeré tó bo iwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ki díìsìkì tí wọ́n ń tọ́jú iṣẹ́ sí bọ̀ ọ́, kán dànù. Ọyẹ́ sì ti dé, eruku ń wọ ibi gbogbo. Alájì bá ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fi igi ṣe ilẹ̀kùn mìíràn sí i.

Mo gbọ́n lójú ara mi gan-an nígbà yẹn. Mo ti ṣe àga ìwàásù fún ṣọ́ọ̀ṣì méjì, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ilẹ̀kùn tó lè yọ mí lẹ́nu. Mo fi ìrókò ṣe é, pẹlẹbẹ, mo kùn ún ní fáníìṣì títí ó fi ń dán gbinrin. Mo so ó mọ́ òkè kó lè máa ṣí sókè, mo sì fi sípíríǹgì tí mo yọ lára tákúté eku sí i, kó lè máa pa ara rẹ̀ dé, nítorí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa kì í rántí ti ilẹ̀kùn. Ibi tí ọwọ́ máa dì mú, igun apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ni mo kàn án mọ́. Alájì bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún. Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọlúàbí fi ń ṣílẹ̀kùn. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Àwa méjèèjì dúró tì í, à ń ṣí i, à ń jẹ́ kó pa dé, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. Obìnrin tó máa fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ kò sí níbẹ̀, a ò sì rántí bi í ní nǹkan kan. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ igi ló ń sọ.

Ọmọ Ìbòkun ni obìnrin náà, kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òun nìkan ló mọ kọ̀ǹpútà lò ní ilé ìtẹ̀wé yẹn, iṣẹ́ náà ló sì fi ń rán àbúrò méjì lọ sí ilé ìwé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń kí èèyàn, orúnkún rẹ̀ á kanlẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Alájì ní kí n wá tún bẹ́ǹṣì kan ṣe. Mo bá èrò níbẹ̀. Bàbá obìnrin yìí ti dé láti Ìbòkun, àgbàlagbà tó fi ọ̀pá tilẹ̀. Alájì ló ní kí ọmọ lọ mú un wá. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ọmọ náà ń fi ọwọ́ òsì gba díìsìkì lọ́wọ́ òun níṣojú àwọn oníbàárà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, òun ò sì lè gba ẹni tí kò ka àgbà sí síṣẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ náà wà. Ó ṣàlàyé pé bí òun bá ń pààrọ̀ díìsìkì, ọwọ́ ọ̀tún òun ló ń gbé ilẹ̀kùn náà dúró, òsì nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù.

“Ilẹ̀kùn ló ní kí o máa fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ mi?” Alájì bi í.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, àṣé ilé òun ni ọmọ òun ń fi òsì júwe ní Òṣogbo. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alájì, bẹ́ẹ̀ ó ju Alájì lọ dáadáa. Wọ́n sáré gbé e dìde. Alájì ní kí ọmọ náà lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá padà tó tún dán an wò, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n ń sin bàbá náà jáde, mo lọ jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀. Mo fi ọ̀tún gbé ilẹ̀kùn náà sókè. Sípíríǹgì ń fà á, n kò lè fi í sílẹ̀. Mo fi òsì dì í mú wò, apá mi bá dí ẹnu ibi tí díìsìkì ń gbà wọlé, nítorí igun ọ̀tún ni mo kan ibi ìdìmú mọ́. Mo tún fi ọ̀tún gbé e. Òsì mi ló nawọ́ fúnra rẹ̀ mú díìsìkì lórí tábìlì. Ojú tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi.

Bàbá náà ò tí ì kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo sì ń wo orí ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe ń wọ́. Ohun tó dí mi lẹ́nu kò ju pé Alájì ti ń fi ilẹ̀kùn náà yangàn fún àwọn oníbàárà, tí ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì ti ní kí n wá ṣe irú rẹ̀ fún òun. Mo tú sípíríǹgì náà, mo jù ú sápò, mo fi ìkọ́ kékeré kan sókè tí ilẹ̀kùn lè máa fi kọ́ bí wọ́n bá ṣí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí mo gbé bẹ́ǹṣì tí mo lọ tún ṣe padà wá ni ọmọ náà padà síbi iṣẹ́. Alájì na díìsìkì sí i. Ọmọ náà gbé ilẹ̀kùn sókè, ilẹ̀kùn kọ́, ó wò ó fìrí, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gba díìsìkì pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Alájì yíjú sí mi, ó ní ṣé mo rí bí ìbáwí ṣe ń tún ọmọ ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọmọ náà sìn mí dé ìta nígbà tí mò ń lọ.

“Mo rí ohun tẹ́ ẹ ṣe sí ilẹ̀kùn yẹn, bùọ̀dá,” ó ní. “Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá mi.”

Mo ní màá lọ ní Sátidé. Sátidé dé, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo ní ọyẹ́ mú jù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi òní dọ́la, fi ọ̀la dọ́túnla, títí mo fi gbọ́ pé bàbá náà ti kú. Láti Iléṣà dé Ìbòkun kò jìnnà, mo sì ti kọjá níbẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láìmọye ìgbà.

Mo ti wá di àgbà tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún nǹkan báyìí. Bí ọmọdé bá fi òsì na nǹkan sí mi, mo kọ́kọ́ máa ń wo ohun tí ọ̀tún rẹ̀ gbé dání kí n tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ mi ní sùúrù mi pọ̀. Àgbàlagbà kan dọ̀bálẹ̀ níṣojú mi nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọwọ́ mi, ó sì kú pẹ̀lú èrò pé òun kò kọ́ ọmọ òun dáadáa.