Ọta Inú Ike Áísìkirimù

Àna mi rò pé òun mọ ìbọn. Mo fẹ́ sọ èyí ṣáájú, torí bí mo ṣe ń rántí ọ̀rọ̀ náà, inú ṣì máa ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ti dárí jì í.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Oníṣègùn eyín ni, ìlú Addison lẹ́bàá Dallas, ní Texas, ló ti ń ṣiṣẹ́, Frisco tó wà nítòsí ibẹ̀ ló ń gbé, nínú ilé kan tó tóbi débi pé yàrá kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Síbẹ̀ “ìwọ” ló ń pè mí, èmi ni mo sì ń dọ̀bálẹ̀, torí ọmọ ilé wọn ni mo fẹ́. Òun ló tọ́ ìyàwó mi lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, òun ló rán an níwèé, òun náà ló sì kọ ìwé tí àwa méjèèjì fi dé Dallas. Kò jẹ́ kí n gbàgbé ìkankan nínú rẹ̀.

Ṣójà ni mí tẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò nínú ilé tí wọ́n ń kó ìbọn sí. Èmi ni mò ń tú ìbọn palẹ̀, tí mò ń nù ún, tí mò ń tò ó padà, tí mò ń kà á fún àwọn tó ń lọ sójú iṣẹ́. Níbí, ẹrù ni mò ń kó sínú ọkọ̀ òfuurufú, ní pápákọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Grapevine. Tí àlejò bá wà nílé àna mi, “Sájẹ́ńtì” ló máa ń pè mí, á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń fi ayékòótọ́ rẹ̀ han àwọn èèyàn. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì lọ bu omi mu.

Ọ̀rọ̀ ìbọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn yan àwọn ọkùnrin mélòó kan pé kí wọ́n máa gbé ìbọn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Sunday. Àna mi ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, torí òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ra ìbọn ìléwọ́ kan, irú èyí tó ń jẹ ọta tí wọ́n ń pè ní fọ́tì. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ pé ọta tí wọ́n ń pè ní náìnì ò wọ́n tó fọ́tì, pé ó sì rọrùn láti fi kọ́ṣẹ́. Ló bá ra ọ̀pá ìbọn mìíràn tí ihò rẹ̀ kéré, tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ìbọn tirẹ̀. Tó bá yọ ọ̀pá àkọ́kọ́ tó fi èyí sí i, náìnì ni ìbọn náà á máa yìn. Fọ́tì fún ṣọ́ọ̀ṣì, náìnì fún ìdánrawò. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ ṣe é ni mo ń fojú wò.

Ó ní kí èmi àti ìyàwó mi wá wo iṣẹ́ ọwọ́. Orí tábìlì ìjẹun ló tú ìbọn sí, lórí aṣọ funfun. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó fi ń wo eyín. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń ha inú ọ̀pá náà, ó sì tẹ orí sí i bíi pé ó fẹ́ sọ fún un pé kó la ẹnu dáadáa.

“Sájẹ́ńtì, it's simple engineering,” ló wí. “Video kan péré ni mo wò, láàárín patient méjì. Kí lẹ̀yin ṣójà tún ń fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ní barracks?”

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá.”

Lẹ́yìn náà ló gbé ọta jáde. Àwọn páálí tí wọ́n kó ọta sí ti ya, ó sì ti da gbogbo rẹ̀ sínú ike áísìkirimù méjì. Ọmọ Yorùbá tó bá ń ka èyí mọ ike tí mò ń wí. Ẹni tó bá ṣí i nínú fíríìjì wa láti wá áísìkirimù, ata gígún ló máa bá. Ọmọ ilé wa kankan ò gbà á gbọ́ mọ́. Àna mi tí ilé rẹ̀ ní yàrá tí kò níṣẹ́, tó lè ra àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ike áísìkirimù ló kó ọta sí. Ike méjèèjì dọ́gba, àwọ̀ wọn kan náà, ìdérí wọn kan náà, wọn ò sì kọ nǹkan kan sí ọ̀kankan lára.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi bírò kọ ọ́ sára wọn.”

“Ìwọ,” ó ní, “eyín méjìlélọ́gbọ̀n ló wà lẹ́nu èèyàn, mo sì mọ each one by sight. Ṣé ọta oríṣi méjì ló máa wá rú mi lójú?”

Mo ní ó dáa, sà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbẹ́nu mi dákẹ́, inú mi ò sì bàjẹ́ sí i.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé lórí freeway, ìyàwó mi yíjú sí mi. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa ṣọ́ Bọ̀ọ̀dá mi. Ọwọ́ yẹn ló fi ń jẹun. Ọwọ́ yẹn náà ló fi tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀yin lẹ mọ ìbọn, òun ò mọ̀ ọ́n.”

Mo ní mo ti gbọ́.

“Ẹ ṣèlérí fún mi.”

Mo ṣèlérí.

Ní Sátidé kan, àwa mẹ́ta lọ sí pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Àna mi ló ní kí àbúrò òun wá, ó ní obìnrin tó ń gbé ní Texas gbọ́dọ̀ mọ ìbọn yìn. Ó gbé báàgì kan wá tí omi tútù, míìtì-páì àti ike áísìkirimù kan wà nínú rẹ̀. Ó gbé ìbọn lélẹ̀ lórí tábìlì níwájú wa, ó ṣí ike náà, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Ọta náìnì ló wà nínú ike. Ó tín-ín-rín, orí rẹ̀ rí roboto. Fọ́tì sanra jù ú lọ, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n ihò tó wà lẹ́nu ìbọn yẹn fẹ̀. Ọ̀pá fọ́tì ló wà nínú rẹ̀. Ó ti fi í padà sí i torí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ kejì, ó sì ti gbàgbé. Ọta tín-ín-rín lè bú nínú ihò tó fẹ̀. Kò ní rí ohun tó máa dì í mú yíká, idẹ tó bò ó lára á ya, iná àti èérún irin á sì padà wá sọ́wọ́ ẹni tó yìn ín. Ó lè má ṣe é ní nǹkan kan. Ó sì lè mú ìka kan lọ.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì jókòó. Mo ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo fẹ́ kó tẹ́. Mo fẹ́ kí ìbọn yẹn bú lọ́nà òdì, kó jù ú sílẹ̀, kí gbogbo àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ yíjú wò ó, kó wá bi mí pé, “Sájẹ́ńtì, kí ló ṣẹlẹ̀?” Ó ń ti ọta sínú ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ́ mi ní bí ọkùnrin ṣe ń dúró. Mo sọ fún ara mi pé kò lè mú ìka lọ. Mo tún un sọ. Mi ò sì dìde.

Ló bá yíjú sí ìyàwó mi. “Oya, àbúrò mi, ladies first.” Ó fi ìbọn lé e lọ́wọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ohùn tí mi ò tíì lò láti ìgbà tí mo ti kúrò ní bárékè ló jáde lẹ́nu mi: “Má yìn ín! Gbé e sílẹ̀!” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo dojú ìbọn kọ ibi tó yẹ, mo sì yọ gbogbo ọta inú rẹ̀. Òyìnbó tó ń bójú tó pápá sáré wá, ó ní, “Sir! Step back!” Mo fi ẹnu ìbọn hàn án, mo sì fi ọta hàn án. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

“Who loaded this?”

Àna mi wo òkè.

“Bọ̀ọ̀dá,” mo wí, mo sì gbé ohùn sókè kí ó lè dùn dáadáa, “ọ̀pá fọ́tì ló wà nínú ẹ̀, náìnì lẹ kó sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eyín méjìlélọ́gbọ̀n!”

Ó jókòó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó tún wò wọ́n.

Ìyàwó mi yọ ohun tó fi bo etí. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá. Èmi ló ń wò.

“Ìgbà wo lẹ rí i?”

Mo ní, “Ìgbà wo bí i ti báwo?”

“Látìgbà tó ti ń kó o sí i lẹ ti jókòó síbẹ̀ yẹn. Mo ń wò yín. Ẹ ń rẹ́rìn-ín.” Ó mí kanlẹ̀. “Tó bá jẹ́ pé òun ló yìn ín ńkọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa ọta padà sínú ike.

Òun ló wa ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sí Frisco, torí ọwọ́ ọkùnrin náà ò dúró sójú kan. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀ tiwa, mo ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti da ike méjèèjì sórí aṣọ funfun yẹn kí wọ́n lè yẹ gbogbo ọta wò, gbogbo rẹ̀ sì ti dà pọ̀. Àna mi ti wọ awò tó fi ń wo inú ẹnu èèyàn. Ó ń gbé ọta sábẹ́ iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìkọ̀wé tíntìntín tó wà nídìí rẹ̀ sókè, ìyàwó mi sì ń gbà á, ó ń tò ó sí ibi tó yẹ. Ìyàwó mi ti fi bírò pupa kọ orúkọ ọta sára àwọn ike.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Mo lè di ojú mi kí n fi ọwọ́ ṣa gbogbo rẹ̀ tán kí omi tó hó. Àna mi gbé orí sókè wò mí, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má dá a lóhùn,” ni ìyàwó mi wí. “Ẹ ka èyí tó wà lọ́wọ́ yín.”